Ẹ̀yin tó fẹ́ kan òrùlé ní Ìkòròdú, ẹ ṣọ́ra fún páànù 0.55 tí kì í ṣe 0.55

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí bíríkìlà yín ti ń palẹ̀ mọ́, tó wá ku káfíńtà àti onípáànù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Agbaṣẹ́ṣe onípáànù kan ń rìn káàkiri láàárín Agric sí Ẹ̀bútẹ́ báyìí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù rẹ̀ àti àpò sáńpù kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, iye tó máa ń pè sì máa ń fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Kí ẹ tó fi owó sí àkáǹtì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ilé àbúrò mi tó wà ní Kánádà ni mò ń bá a bójú tó. Ọkùnrin yìí mú ègé páànù kan wá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti fi bírò kọ 0.55 sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà, èyí tí wọ́n ń pè ní géèjì. A wọ̀n ọ́n, 0.55 ni lóòótọ́. A jọ ṣàdéhùn, a san ìdajì owó. Àárọ̀ la ń retí páànù lọ́jọ́ tó máa dé, ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì ni ọkọ̀ tó wọlé, iná ò sì sí ládùúgbò. Kíá, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń tú okùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e gorí ilé lálẹ́ ọjọ́ náà kí olè má baà gbé e lọ. Olè wo? Mo ní kí wọ́n tò ó sínú pálọ̀, kí oníkálùkù máa lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin kan tó máa ń ra irin àlòkù ń kọjá lọ, mo pè é wọlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó fi ń gbé irin kọ́. Páànù kan tó gùn ní mítà 6 la ká, a so okùn mọ́ ọn, a gbé e kọ́. Kò pé kílò 8.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò yìí, nítorí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Alumíníọ́mù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá gé páànù lára kọ́ìlì (alumíníọ́mù pẹlẹbẹ tí wọ́n ká jọ) tó fẹ̀ ní mítà 1.2, tó sì jẹ́ ojúlówó 0.55, mítà kan rẹ̀ á wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 1.78. Mítà 6 á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 10.7. Ti 0.45 á jẹ́ bíi 8.7, ti 0.40 á sì jẹ́ bíi 7.8. Ẹ ti rí ibi tí tiwa bọ́ sí. Ọkùnrin náà ò dín owó fún wa, páànù ló dín.

Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa ń jẹ díẹ̀ lára géèjì rẹ̀." Irọ́ gbuu. Ìlà ni ẹ̀rọ yẹn ń fà sára páànù, kì í họ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó tún ní, "Irú rẹ̀ gan-an ló wà lórí ilé tèmi." Mo ní ó dáa, kó mú mi lọ wo ilé ọ̀hún. Fóònù kú. Ó padà wá kó páànù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń dá owó padà, kò sì tíì pé di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo wá lọ wo ilé kan tó ti bá wọn kàn lọ́nà Ẹ̀bútẹ́. Ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ lórí páànù ti wọnú, ihò ìṣó ti fẹ̀ ju orí ìṣó lọ. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ti fẹ́, gbogbo òrùlé á máa lù gbàn-gbàn. Bàbá onílé ní òun rò pé bí páànù ìgbàlódé ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Àwọn mìíràn tún wà tó ń ta páànù irin tí wọ́n kùn lọ́dà ní orúkọ alumíníọ́mù. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì ìdí sípíkà tó ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lé páànù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Irin náà kò burú o, àmọ́ owó irin ni kẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé lẹ́bàá ọ̀sà, ó lè tètè dógùn-ún.

Solignum, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára pákó òrùlé ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà kúrò nínú mọ́tò ni wọ́n fi kẹrosíìnì là sínú rẹ̀. Àwọ̀ wọn jọra, ikán nìkan ló mọ ìyàtọ̀. Ẹ fúnra yín rà á, kí wọ́n ṣí i lójú yín. Ẹ má sì gba pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé, torí bó bá gbẹ, á súnkì, ìṣó á sì dẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbénú ilé, tiyín ni àwọn tó máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn òjò ńlá, tí wọ́n á ní àwọn rí i láti títì pé páànù yín ti ṣí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gòkè láìjẹ́ pé ẹni yín kan tẹ̀ lé wọn, nítorí òòlù tó ń kan ìṣó náà ló ń lu ihò tuntun. Ẹ kọ́kọ́ gun inú sílìǹgì lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò ni. Ibi tí omi ń kán sí lè jìnnà síbi tó ti wọlé, torí omi máa ń bá pákó rìn. Rọ́bà ìdí ìṣó tó ti gbó, ibi tí páànù ti pàdé ògiri, àti gọ́tà tí ewé dí ló sábà máa ń fà á. Ẹ kó ewé kúrò kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Bí símẹ́ńtì tútù bá sì ta sórí alumíníọ́mù, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ géèjì, irú páànù àti iye mítà sínú rìsíìtì. "Páànù ilé kan" tí wọ́n máa ń kọ yẹn kò wúlò níbì kankan. Ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ bá LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí Small Claims Court, ilé ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ má san owó iṣẹ́ tán. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ títí òjò gidi yóò fi rọ̀ sórí ilé náà, kẹ́ ẹ sì kọ ìyẹn sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, kó máa gbé àpò sáńpù rẹ̀ lọ.