Iṣẹ́ dókítà ẹran tí ó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Mọ́níyà

Nígbà tí ikọ́ mú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa ní Mọ́níyà, Ìbàdàn, tí wọn kò jẹun mọ́, dókítà ẹran kan tí ó ń ti oko dé oko ni a pè, iṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Kò sáré fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó pààrọ̀ bàtà rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìbòmú bo imú, ó wọn ìgbóná ara wọn, lẹ́yìn náà ni ó fi òwú gba ikun imú wọn fún àyẹ̀wò.

Àlàyé rẹ̀ ni mo mọ rírì jù. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn líle ti ẹyẹ àti ti ènìyàn lè jọ wọ ara ẹlẹ́dẹ̀ kan náà, kí wọ́n dà pọ̀ níbẹ̀, kí irú tuntun tí ara ọmọ ènìyàn kò mọ̀ rí sì ti ibẹ̀ jáde. Láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni irú ọ̀fìnkìn líle kan tí wọ́n ń pè ní H1N1 ti wá, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde gẹ́gẹ́ bí àjàkálẹ̀ àrùn ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Àwa ènìyàn náà lè kó o ran àwọn ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ tí ó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tí a bá sè jinná kì í kó o ran ènìyàn, ó sì yẹ kí gbogbo oníbàárà wa gbọ́ èyí.

Èsì àyẹ̀wò pẹ́ kí ó tó dé, owó rẹ̀ kò sì rọrùn fún àgbẹ̀ kékeré. Síbẹ̀, òun ni n ó tún pè.