Ṣọ́ọ̀bù tó ń gé trailer ní Utako: ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, etí ló kù

Ẹ̀dítọ̀ tó lè gé fíìmù pọ̀ l'Abuja. Àwọn tó lè gé trailer (ìpolówó kúkúrú tó ń ṣáájú fíìmù) fún thriller, ìyẹn fíìmù tó ń já èèyàn láyà, ò pọ̀ rárá, torí iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín lè kó gbogbo ibi tó dùn jù sínú trailer rẹ̀, kó sì tà. Thriller ò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí a fi pamọ́ là ń tà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Utako tí àwọn Yorùbá tó ń ṣe fíìmù láti Kubwa títí dé Kaduna ń gbé iṣẹ́ lọ. Wọ́n mọ ìfipamọ́ yìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ti ń kọsẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ mọ̀ kó tó sanwó.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ló wú wa lórí jù. Ìṣẹ́jú àáyá 12 àkọ́kọ́, ayé ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Nínú trailer fíìmù ajínigbé kan tí wọ́n gé, ìyá ń ro àmàlà, rédíò ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà la rí bàtà ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Fóònù ń dún lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọn ò fi orin kankan sí i. Fóònù yẹn dún lẹ́ẹ̀mẹta, àwòrán wá dúdú fún fréèmù 12 (fréèmù ni ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù), ìyẹn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àyà òǹwòran ti já, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rí ìbọn, kò tíì rí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dítọ̀ ló ń fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Bí ìbọn bá ti dún ní ìṣẹ́jú àáyá kẹta, kí ni wọ́n fẹ́ fi gòkè sí i?

Láti àárín lọ, wọ́n ń kúrú àwòrán díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 3, lẹ́yìn náà 1, títí tó fi di fréèmù 8. Fréèmù 8 tó kí ojú rí i pé èèyàn kan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tó kó mọ ẹni náà. Wọn kì í mú ohunkóhun nínú ìdá mẹ́ta tó kẹ́yìn fíìmù. Riser wọn, ìró tó máa ń gun òkè yẹn, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ, wọ́n á sì gé e kúrò fréèmù díẹ̀ ṣáájú àwòrán, kí ìdákẹ́jẹ́ lè kọ́kọ́ dé. Ìró ńlá tó ń dún gbì kò ju mẹ́rin lọ nínú ìṣẹ́jú 2. Ó tó. Èyí tó bá ń dún ní gbogbo ibi tí wọ́n ti gé àwòrán máa ń mú etí kú ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá ni wàhálà. Ẹni tó ń gé iṣẹ́ níbẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ àwòrán ló sì fi ń mọ ohun tí òṣèré ń wí. Nínú trailer kan, afurasí sọ pé, "Èmi kọ́ ni mo pa á." Wọ́n fẹ́ gbólóhùn kúkúrú, wọ́n bá gé orí rẹ̀ dànù. Ohun tó jáde ni "mo pa á." Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti ṣi òǹwòran lọ́nà, ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀: àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wí pé kì í ṣe òun ló pa á, ẹnu rẹ̀ sì ń jẹ́wọ́.

Wọ́n tún máa ń sọ ohùn ọ̀daràn di kíki, bí àṣà thriller. Bí wọ́n bá fa gbogbo gbólóhùn wálẹ̀ bákan náà, kò séwu, torí ohùn òkè ṣì ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn kí ìparí ọ̀rọ̀ máa yọ̀ wálẹ̀ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹwà ni. Ní Yorùbá, "Ó kú" á di "Ó kù", ẹni tó ti lọ sọ́run á wá di ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Àkọlé fíìmù náà ní tirẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ràn, èyí tó rí bí ohun tí èékánná họ, kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú. Wọ́n wá ń fọwọ́ tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ lẹ́tà. Bí àkọlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́tà á máa lọ, àmì á dúró síbi tó wà. Noto Serif ní gbogbo àmì wa. Kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di àwòrán, kí wọ́n tó họ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ń kó fúnni: ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 1, àti ìṣẹ́jú àáyá 30 tó dúró lóòró, 1080 × 1920, fún WhatsApp. Àwọ̀ wọn dára. Ẹ rí i dájú pé wọ́n mọ iye fréèmù tí kámẹ́rà yín ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 25, tí wọ́n wá tò ó sí 24 fún sinimá láìfa ohùn náà gùn, ìṣẹ́jú 2 àwòrán á di ìṣẹ́jú àáyá 125, ètè àti ohùn á sì ti pínyà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìran oògùn owó ṣe ẹ̀ṣọ́: NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, ti kéde òfin lórí bí fíìmù ṣe ń gbé e lárugẹ lọ́dún 2024.

Àtúnṣe méjì ni wọ́n ń ṣe láìgba owó kún un. Ẹ má fi èyíkéyìí ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn àti àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ "kọ́", "ò" àti "má" níbi gbogbo, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá sì jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń to ohùn. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ gbé thriller yín fún wọn.