Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra Farmall M tí wọ́n ní "ó ti ṣetán fún ìdíje"

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń wá katakata àtijọ́ tí ẹ máa gbé lọ síbi ìdíje fífa ẹrù, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní Ohio, Indiana, Iowa àti Illinois, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn kan wà tó ń ra katakata Farmall M tó ti kú sẹ́yìn abà ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọ́n á lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn lára, wọ́n á so irin wíwúwo mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ sójú ìpolówó pé: "Ẹ̀ńjìnnì 281, ó ti ṣetán fún ìdíje, ẹ kàn wá gbé e ni." Owó gọbọi ni wọ́n ń bù lé gbólóhùn yẹn. Ohun tí olùtajà ò bá jẹ́ kí ẹ wọ̀n, ẹ má sanwó rẹ̀.

Fún ẹni tí ìdíje yìí ṣì ṣàjèjì sí: katakata máa ń fa ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sled. Àpótí ẹrù wà lórí rẹ̀. Bí katakata ṣe ń lọ ni àpótí yẹn ń sún bọ̀ níwájú, tí ìwúwo ń kúrò lórí táyà sled, tó ń bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ tó ń wọ́ ilẹ̀, títí ẹ̀ńjìnnì á fi kú tàbí tí táyà á máa yí lójú kan. Ẹni tó bá fà á dé 300 ẹsẹ̀ bàtà ti fà á dópin. Nítorí náà, gbogbo àbùkù tó fara pa mọ́ nígbà tí wọ́n ń wa katakata yíká ọgbà ni yóò hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níbẹ̀.

Irọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni ti bí ẹ̀ńjìnnì ṣe tóbi tó. International Harvester ṣe Farmall M láti 1939 sí 1952. Ẹ̀ńjìnnì tó bá a jáde nílé iṣẹ́ jẹ́ 248 ínṣì kúbíìkì: ẹnu sílíńdà fẹ̀ ní 3 7/8 ínṣì, písítìn sì ń rìn 5 1/4 ínṣì. Super M tó tẹ̀lé e ní ẹnu 4 ínṣì, ó di 264. Farmall 450 ní 4 1/8, ó di 281. Ìrìn písítìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yàtọ̀, fífẹ̀ ẹnu sílíńdà ló yà wọ́n. Silíìfù tó ṣeé yọ ló wà nínú búlọ́ọ̀kù M, nítorí náà mẹkáníìkì lè yọ ti tẹ́lẹ̀, kó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ sí i pẹ̀lú písítìn tó bá a mu. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń mú agbára wá tí wọ́n bá ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìta, ojú ò lè mọ 248 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti fẹ̀ lójú, ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́tàn sì ti ń jẹun.

Ẹ lè fúnra yín ṣírò rẹ̀. Ẹ fi fífẹ̀ ẹnu sílíńdà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 0.7854 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà 5.25, lẹ́yìn náà 4 tí í ṣe iye sílíńdà. 3.875 á fún yín ní 247.7. 4 á fún yín ní 263.9. 4.125 á fún yín ní 280.6. Ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì péré ló wà láàárín ẹ̀ńjìnnì lásán àti èyí tí wọ́n ń béèrè owó ńlá lé lórí. Ẹ béèrè fọ́tò ìgbà tí tọ́ọ̀pù sílíńdà wà nílẹ̀, kí irinṣẹ́ ìwọ̀n wà nínú ẹnu sílíńdà kí nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn. Ẹ béèrè rìsíìtì ẹni tó gé búlọ́ọ̀kù. Tí kò bá sí méjèèjì, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ihò rẹ̀, ẹ wo orí písítìn. Ẹni tó sọ pé òun tún ẹ̀ńjìnnì ṣe lóṣù tó kọjá, tí èédú dúdú sì ti nípọn lórí písítìn, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Nígbà tí pulọ́ọ̀gì bá ti wà níta, ẹ wọn agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ṣí ẹnu kaburétọ̀ pátápátá, kí bátìrì kún, kí ẹ̀ńjìnnì ti gbóná díẹ̀. Bí nọ́ńbà náà ṣe sún mọ́ra ló ṣe pàtàkì ju bó ṣe ga lọ. Tí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n: tó bá gòkè, ríìnǹgì ló ti jẹ, tí kò bá gòkè, fáàfù ni, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé wọ́n ta àwọn M kan láti ilé iṣẹ́ fún epo distillate (epo kan tó rẹlẹ̀ sí bẹntiróòlù), ìfúnpọ̀ ti irú wọn kéré sí ti bẹntiróòlù. Olùtajà tí kò mọ èwo ni tirẹ̀ kò lè sọ fún yín pé òun kọ́ ẹ̀ńjìnnì náà fún ìdíje.

Ẹ wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù. Òtútù àgbègbè yẹn máa ń sọ omi di yìnyín nínú ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n pa tì, yìnyín á fẹ̀, á sì la búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ẹlẹ́tàn á fi gọ́ọ̀mù irin dí i, wọ́n á fi bébà yanrìn dán an, wọ́n á kùn ún. Irin tí wọ́n dà láyé ọjọ́un máa ń rí ṣákaṣàka lábẹ́ ọ̀dà, bí èèpo ọsàn. Ibi tó bá ṣàdédé dán mọ́nránmọ́nrán láàárín ibi tó rí ṣákaṣàka, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìka pa. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lé e: kò ní dì mọ́ gọ́ọ̀mù bó ṣe ń dì mọ́ irin. Ẹ tún tú ìdérí ọ́ìlì nísàlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀ńjìnnì rárá, torí omi tó bá wọ ọ́ìlì máa ń wọlẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi. Omi ló máa kọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá dé tí ẹ bá ẹ̀ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́ tó sì ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ ní kí wọ́n pa á, ẹ dúró kó tutù.

Èyí tó kàn yìí ló lè gba ẹ̀mí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nínú ilé kúlọ́ọ̀ṣì, níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa katakata, irin róbótó wíwúwo kan wà tó ń bá ẹ̀ńjìnnì yí, flywheel lorúkọ rẹ̀. Ti M jẹ́ irin dídà (cast iron), ilé iṣẹ́ sì ṣe é fún iṣẹ́ ní 1,450 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń ta "ó ti ṣetán" máa ń yí governor (ẹ̀rọ tó ń dí eré ẹ̀ńjìnnì lọ́wọ́ kó má pọ̀ jù), tàbí kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀, kí ẹ̀ńjìnnì lè máa ké lójú oníbàárà. Agbára tó ń fa irin yẹn ya kì í pọ̀ bí eré ṣe pọ̀. Bí ìgbà tí a fi eré sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni: ní 2,200, ó ti di bí ìlọ́po 2.3 ti 1,450. Ní 2,900, ó ti di ìlọ́po 4. Irin dídà tó ti ju àádọ́rin ọdún lọ, tí ooru kúlọ́ọ̀ṣì ti la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́, kò ní kọ́kọ́ kìlọ̀. Yóò fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfọ́kù rẹ̀ á sì gba inú ilé kúlọ́ọ̀ṣì jáde bí ọta ìbọn.

Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka yíyí ẹ̀ńjìnnì (tachometer) dání, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ lẹ bébà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ púlì iwájú kíráǹkì, ẹ ní kí olùtajà fa tọ́rọ́tù dé òpin láìsí ẹrù, ẹ ka ohun tó bá kọ. Ó yẹ kó fi díẹ̀ kọjá 1,450, kì í ṣe kó kọjá 2,000. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ bi í níbi tí flywheel onírin líle wà, ta ló ṣe é, níbo ni ààbò tó yí ilé kúlọ́ọ̀ṣì ká wà, ṣé àmì SFI (àjọ tó ń fọwọ́ sí ohun èlò ààbò ìdíje ọkọ̀) àti ọjọ́ rẹ̀ wà lára ààbò náà. Ìdérí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí i, ẹ tan iná síbẹ̀, ẹ wò ó. "Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí wa rí" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì láìsọ.

Okùn ìpaná tún ń bẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdíje ló fẹ́ kí okùn kan wà lẹ́yìn katakata tí wọ́n á so mọ́ sled, tó fi jẹ́ pé tí ìkọ́ bá já, okùn á fà, ẹ̀ńjìnnì á kú. Àwọn M kan ń lo bátìrì fún iná pulọ́ọ̀gì, àwọn mìíràn ń lo magneto, magneto sì ń ṣe iná tirẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ bátìrì. A ti ń rí èyí tí wọ́n so okùn mọ́ wáyà bátìrì lórí ẹ̀ńjìnnì oní-magneto: ẹ fà á, ẹ̀ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ bíi pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Fún magneto, okùn yẹn gbọ́dọ̀ so wáyà magneto mọ́ ara irin katakata. Ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ fà á. Tí kò bá kú lójú ẹsẹ̀, wọn ò ṣe é dáadáa.

Ìkọ́ ẹ̀yìn: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò gbà kó ga ju 20 ínṣì lọ sí ilẹ̀ fún katakata àtijọ́, àwọn mìíràn ní 18. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ mú tépù. Àwọn kan máa ń jó o ga kó lè dà bíi pé katakata lágbára, nítorí pé ìkọ́ tó ga ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Òun náà ló ń gbé iwájú sókè. Tí ìfà bá ti gòkè dé ibi áàsù ẹ̀yìn, katakata lè yí dà sórí ẹni tó ń wà á kó tó rí kúlọ́ọ̀ṣì tẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ní ìlà tín-ín-rín tí ìpẹtà ń yọ láti inú rẹ̀, ó ti ń là.

Ti kúlọ́ọ̀ṣì kò gba àkókò: ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì pinpin, ẹ fi gíà kẹrin, ẹ fún un lépo díẹ̀, ẹ tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú. Ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí katakata dúró, kúlọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ẹ tú ọ́ìlì gíà díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Lúbúlúbú irin kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n ègé tí ẹ lè fi ìka mú, eyín gíà ni.

Ẹ ka irin ìwúwo. Wọ́n á ya fọ́tò katakata pẹ̀lú àpótí irin mẹ́wàá níwájú, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 100 pọ́ùn, nígbà tí ẹ bá dé, ó ti di mẹ́rin, wọ́n á ní ìyókù "kò sí nínú owó". Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ìtajà. Tí wọ́n bá sọ pé katakata bọ́ sí kíláàsì 5,500 pọ́ùn, ẹ béèrè ìwé ìwọ̀n láti ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ẹ rántí pé ara ẹni tó ń wà á wà nínú ìwọ̀n yẹn. Táyà náà ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ pọ́n lẹ́nu títí okùn inú rẹ̀ fi fẹ́ hàn, tí wọ́n sì fi dúdú bàtà pa. Kí ẹ tún wo ara rímù níbi ẹnu afẹ́fẹ́, torí omi iyọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ máa ń rọ sínú táyà ti jẹ ọ̀pọ̀ rímù láti inú wá.

Àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ ní katakata kankan. Fọ́tò olówó ni wọ́n ń jí. Wọ́n á ní ọkọ àwọn ló kú, àwọn fẹ́ tà á kíákíá, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan á gbé e wá, ẹ kàn san àsansílẹ̀ nípa Zelle (ètò ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù), ìfowóránṣẹ́ wáyà láti báńkì tàbí káàdì ẹ̀bùn. Owó tó bá gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lọ ṣòro gbà padà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò: kí wọ́n kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù nọ́ńbà tó wà lára ilé kúlọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tan ẹ̀ńjìnnì nínú fídíò kan náà láìdá a dúró. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, katakata oko kò ní ìwé oníǹkan bíi ti mọ́tò, nítorí náà ìwé ìtajà tó ní nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí yín. Tí rífẹ́ẹ̀tì tó di páànù náà mú bá ń dán ju páànù fúnra rẹ̀ lọ, ẹ béèrè ìdí.

Ẹni tó bá ti sanwó fún gbájúẹ̀, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la, kó fi ẹjọ́ sun FBI ní ic3.gov àti FTC (àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà) ní reportfraud.ftc.gov, kó má sì pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Ẹni tó bá sì ti ra M tí wọ́n ti yí governor rẹ̀, kó dá a padà sí 1,450 kó tó tún tan án, kó má gbé e lọ síbi ìdíje kankan títí mẹkáníìkì yóò fi tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tí yóò sì fojú ara rẹ̀ rí flywheel náà.