Ṣọ́ọ̀bù sípíkà olówó ńlá kan ní Victoria Island: ọjà dáa, ìwà ò dáa

Ẹ̀rọ tí wọ́n tò sí ṣọ́ọ̀bù yìí kò ṣeé bú. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ní inú ló ń bí mi. Sípíkà KEF wà níbẹ̀, ti Wharfedale wà níbẹ̀, ilẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Àmọ́ wọn ò lẹ iye owó mọ́ ọjà kankan lára. Àfi kéèyàn béèrè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀.

Bùbá àti ìró àǹkárá ni mo wọ̀, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn dé láti ibùdókọ̀. Mègádì ní ta ni mo wá rí. Mo ní ẹ̀rọ orin ni mo wá rí. Nígbà tí mo wọlé, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò dìde. "Mummy, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ń dúró de ẹnì kan ni?" Mo ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, èyí tó ń yí awo orin, ni mo fẹ́ rà. "Ṣé Daddy ló fẹ́ ẹ?" Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní tiwọn wọ́n o, bóyá kí n wo Alaba, wọ́n ń ta kékeré kan níbẹ̀ tó ní Bluetooth.

Sítúdíò rédíò n'Íbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò sọ fún un. Ó yẹ kéèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù láì ka ìwé ẹ̀rí síta. Mo kàn bi í ní ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí mọ̀: ṣé mọ́tò tó ń yí awo rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná ni, àbí ó ní quartz, ìyẹn òkúta kékeré tó ń ṣọ́ ìyára rẹ̀? Ó ní, "Mummy, this one is premium."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí owó yín ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù oníbẹ́líìtì, èyí tí bẹ́líìtì ń yí awo rẹ̀, ló ń fi hertz iná, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ bó ṣe máa yára tó. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50. Tó bá rẹ jẹnẹrétọ̀, tó wálẹ̀ sí 47, rẹ́kọ́ọ̀dù á máa falẹ̀, orin á sì wálẹ̀ tó eyín dùùrù kan. Stabilizer ò lè gbà yín. Fóòtì, ìyẹn agbára iná, nìyẹn ń tọ́jú, kì í ṣe hertz. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979 ní quartz tirẹ̀ tó ń ṣọ́ ìyára, kò kàn án bí jẹnẹrétọ̀ ń jó.

Yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ọjà, títì ló wà. Wọ́n ní àfi ẹni tó bá ti gba àyè sílẹ̀. Kò pẹ́ ni ọ̀gá kan fi jíìpù dé, òun fúnra rẹ̀ ní ńṣe lòun kàn yà, ni kọ́kọ́rọ́ bá jáde. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Ta ló máa lé ìyá arúgbó síta? Wọ́n fi jáàsì sí i, ọ̀gá ń fóònù. Ọmọkùnrin wa sì ń polówó wáyà sípíkà kan tó wọ́n ju sípíkà fúnra rẹ̀ lọ. Wáyà bàbà tó nípọn dáadáa ti tó nínú yàrá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Mo yọ rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà kan nínú àpò mi. "Mummy, abẹ́rẹ́ yìí máa bàjẹ́ o." Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé awo náà létí, mo yí i sábẹ́ iná: kò sí eruku, kò sí ibi tó ha. Ọmọ kan tó ń so wáyà lẹ́yìn ló gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ mú un wá, mà." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a yípo, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Agídìgbo dún jáde ketekete, mo ń gbọ́ bí àtàǹpàkò ṣe ń ta irin rẹ̀. Òun náà ló dá mi lóhùn pé èyí tí mo béèrè ò ní quartz, iná ló ń tẹ̀ lé, kí n fi sórí inverter tó dáa tàbí kí n wá Technics.

Alaba ni mo ti ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù níkẹyìn. Oníṣọ́ọ̀bù ti so ó mọ́ná, ó ti ń yí, kó tó dárúkọ owó. Wọ́n ní àléébù tiwọn: tòkúnbọ̀ ni wọ́n á ní tuntun ni, rìsíìtì ò sí, ariwo ọjà ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ báàsì. Ẹ tètè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá bá lórí ẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ sí ti Victoria Island, ẹ fi fóònù gba àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ọmọ tó ń so wáyà ni kó wá dá yín lóhùn. Ìràwọ̀ fún ọjà, mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ìtọ́jú oníbàárà, ọ̀kan, ọmọ oníwáyà yẹn ló sì ni ín.