Foldscope: máíkíróskóòpù bébà àti àlùbọ́sà pupa

Manu Prakash àti Jim Cybulski ló ṣe Foldscope ní Yunifásítì Stanford, ọdún 2014 ni wọ́n sì gbé àlàyé rẹ̀ jáde. Bébà tí omi kì í tètè bà jẹ́ ni. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ká a, wàá wá fi dígí róbótó kékeré kan sí i, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 140. Kò nílò iná mànàmáná. Ká a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, má sì fi ìka kan dígí náà, torí òróró ọwọ́ ló sábà máa ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bíi kùrukùru.

Àlùbọ́sà pupa ni kí o fi dán an wò, torí àwọ̀ ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gé e sí mẹ́rin, yọ ìpele kan, fi abẹ́ la ẹ̀yìn rẹ̀ tó pupa, kó fẹ̀ tó mìlímítà 5 níbùú lóròó. Bó awọ rẹ̀ kúrò. Bí ẹran funfun bá bá a wá, sẹ́ẹ̀lì ti gun orí ara wọn nìyẹn, òkùnkùn lo máa rí. Kán omi sórí dígí pẹlẹbẹ, tẹ́ awọ náà sí i, kí o fi etí kan ìbòrí rẹ̀, ìyẹn dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bò ó, kọ́kọ́ balẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, á ṣe róbótó, etí rẹ̀ á dúdú kirikiri. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pe ìyẹn ní sẹ́ẹ̀lì.

Ti dígí pẹlẹbẹ náà bọ inú Foldscope, kọjú sí fèrèsé, má kọjú sí oòrùn láé. Fi àtàǹpàkò ti bébà Foldscope díẹ̀díẹ̀ títí ìlà yóò fi mọ́ kedere. Wàá rí sẹ́ẹ̀lì tó tò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri, pẹ̀lú omi pupa nínú àpò wọn.

Ibi tó dùn jù rèé. Po iyọ̀ gíráàmù 5 mọ́ omi mìlílítà 100, kán an sí etí ìbòrí kan, fi tíṣù fa omi láti etí kejì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ pupa náà á súnkì kúrò lára ògiri sẹ́ẹ̀lì, á sì ki sí i. Ògiri ò ní yẹ̀. Iyọ̀ ló ń fa omi jáde gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, bó ṣe ń fa omi lára ẹ̀fọ́ tí a bu iyọ̀ sí. Fi omi lásán ṣàn án, á tún kún padà. Bí kò bá kún, sẹ́ẹ̀lì ti kú: iyọ̀ ti pọ̀ jù tàbí ó ti pẹ́ jù. Bébà pẹlẹbẹ tí a ń fi sítíkà bò, tí àwọn kan ń lò dípò dígí pẹlẹbẹ, kò ṣeé lò fún èyí, torí sítíkà ti dí etí rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ibi tí ojú ń rí kéré, ọwọ́ tó bá sì ń gbọ̀n á sọ ọ́ nù. Mágnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ fóònù dára gan-an fún kíláàsì, bí ó bá ṣáà ti bọ́ sí àárín kámẹ́rà.

Má ṣe fi wá kòkòrò ibà. Máíkírómítà 2 (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ni ohun tó kéré jù tó lè yà sọ́tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ju 7 tàbí 8 lọ, kòkòrò náà tún wà nínú rẹ̀. Ìlọ́po 1000 ni ilé àyẹ̀wò ń lò, pẹ̀lú òróró àti aró Giemsa.

Omi adágún ló tún yẹ ẹ́. Paramecium, ohun abẹ̀mí tíntìntín oní-sẹ́ẹ̀lì kan, á máa sáré kọjá; fọ́nrán òwú díẹ̀ nínú omi náà ló máa dá a dúró kí ojú lè tẹ́ ẹ.