Ọta Nosler Partition lórí ẹran ńlá tí ó wà lọ́nà jíjìn

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi ọta Partition ti ilé iṣẹ́ Nosler ṣọdẹ, èyí tí ó wúwo tó gìréènì 180 (gìréènì ni òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta), nínú ìbọn .300 Winchester Magnum. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí ẹran bá tóbi, tí ó sì jìnnà sí ọdẹ. N kò sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe ń lu pátákó, nítorí ọ̀pọ̀ ọta ni ó ń lu pátákó dáadáa tí kò lè fọ́ egungun èjìká elk, ẹran ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín.

John Nosler ni ó ṣe ọta yìí. Ní ọdún 1946, ní British Columbia ní Kánádà, ó yìnbọn lu akọ moose kan, ẹran bí elk tí ó tún tóbi jù ú lọ, tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bo ara rẹ̀. Eré tí àwọn ọta ìbọn .300 H&H Magnum rẹ̀ ń sá pọ̀ jù fún wọn, wọ́n sì fọ́ sára awọ láìwọlé dé ibi tí ẹ̀mí ẹran wà. Láti inú ìjákulẹ̀ yẹn ni ó ti ronú ọta tí a fi bàbà bò, tí a sì fi bàbà kan náà ṣe ògiri sí àárín rẹ̀, tí òjé kan wà níwájú ògiri, tí òmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá wọ ara ẹran, iwájú rẹ̀ a là bí olú, díẹ̀ lára òjé ibẹ̀ a sì já dànù. Ṣùgbọ́n bí lílà náà bá dé ibi ògiri, kò lè kọjá ibẹ̀, apá ẹ̀yìn a sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ nínú ẹran. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ ṣíṣe ọta yìí dúró.

Ohun tí ọ̀nà jíjìn ń gbà lọ́wọ́ ọta ni eré. Partition mi ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré ẹsẹ̀ bàtà 2,950 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó bá fi dé yáàdì 500, nǹkan bí 2,000 ni ó kù. Ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ni àwọn tí ó ṣe é fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀, nítorí pé bí eré bá kéré sí i, kò dájú pé orí ọta yóò là tó. Èyí fi hàn pé àyè ṣì wà ní yáàdì 500, ṣùgbọ́n ní 600, ọta náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà.

Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà jíjìn àti nítòsí. Elk kan wà ní yáàdì 410, ó yí ìhà sí mi. Ọta náà gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ó sì yọ lódì kejì. Ẹran náà kò rìn tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ kí ó tó ṣubú. Èkejì wà ní yáàdì 60 péré, níbi tí ọta ṣì ń sá eré àsápajúdé. Ó fọ́ egungun èjìká, ó sì lọ dúró sábẹ́ awọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo wọ̀n ún: gìréènì 118 ni ó kù nínú 180. Ọta kan náà, láti inú páálí kan náà, ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, mo ti lo ọta bàbà pọ́nbélé kan tí orí rẹ̀ kò là rárá ní yáàdì 450. Ihò tí ó dá kò ju ti pẹ́ńsù lọ, a tọ ipa ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a tó rí ẹran náà. Ìyà tí ẹran náà jẹ ní òru yẹn ṣì ń dùn mí.

Àléébù Partition wà lára ìrísí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, ṣóńṣó rẹ̀ sì jẹ́ òjé lásán, nítorí náà kì í la afẹ́fẹ́ kọjá bí àwọn ọta òde òní. Nínú òǹkà tí a fi ń díwọ̀n èyí, tí ó jẹ́ pé èyí tí ó bá pọ̀ jù ni ó dára jù, .474 ni ti Partition gìréènì 180. Ọta AccuBond tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní .507, ọta ELD-X ti ilé iṣẹ́ Hornady tí ó jẹ́ gìréènì 178 sì ní .552. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan, Partition yóò fi nǹkan bí ínṣì 3 yà ju ELD-X lọ ní yáàdì 500, bí eré tí wọ́n fi jáde bá dọ́gba. Ìyẹn tó láti sọ ọta rere di ọgbẹ́ burúkú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òjé ni: mo máa ń gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, àwọn ibì kan sì wà tí òfin kò gbà á mọ́, bí ìpínlẹ̀ California, tí ó ka ọta òjé léèwọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ ọdẹ láti oṣù Keje ọdún 2019.

Yáàdì 450 ni mo fi ṣe òpin fún ara mi pẹ̀lú ọta yìí. Bí ẹran bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, mo máa ń rá sún mọ́ ọn, tàbí kí n jẹ́ kí ó lọ. Kí n tó gbé e wọ ìgbẹ́, mo máa ń yẹ ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé bí ìbọn ṣe ń ta sẹ́yìn ni ṣóńṣó àwọn tí ó ṣì wà nínú àpótí ọta ìbọn ń gbá irin, tí wọ́n sì ń tẹ̀. Èyí tí ó bá ti tẹ̀, mo yà á sọ́tọ̀ fún ẹran tí kò jìnnà ju yáàdì 150 lọ.