Ọ̀dà Mẹ́rin fún Àwọn Ọmọ Ogun Kékeré

Àpótí ọ̀dà mẹ́rin tí mo rà, ìyẹn funfun, dúdú, pupa àti rúsúrúsú, tẹ̀ lé ìlànà tí a fi mọ Anders Zorn, ayàwòrán ará Sweden, mo sì fi kun àwọn ère ọmọ ogun Waterloo (ogun tí àwọn ará Faransé bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ jà ní ọdún 1815), tí gíga wọn kò ju mìlímítà 28 lọ. Ojú àti ọwọ́ wọn ló wú mi lórí jù. Bí a bá po dúdú mọ́ rúsúrúsú, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ló ń jáde, ó sì bá aṣọ àwọn oníbọn 95th Rifles, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mu. Ẹ̀wù aláwọ̀ aró ti àwọn ará Faransé ni kò ṣeé ṣe, nítorí àwọ̀ eérú tí a ń rí nínú dúdú àti funfun, tó ń jọ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, ẹ̀tàn ojú lásán ni. Pupa náà ṣàn jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kùn ún.